Justin, Tertullian àti Ìwàásù Etí Sàréè

Lọ́dọọdún tí mo bá ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní ìtàn àwọn Baba Ìjọ, ọjọ́ kan máa ń dé tí kíláàsì yóò pín sí méjì. Ọjọ́ náà ni a máa ń kan ìbéèrè olókìkí tí Tertullian ará Carthage béèrè ní nǹkan bí ọdún 200, bóyá ìlú Átẹ́nì, ìyẹn ìlú àwọn amòye, ní ohunkóhun í bá Jerúsálẹ́mù ṣe. Apá kan yóò ní, "Pásítọ̀, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Ẹ̀mí Mímọ́ tó wa. Kí la fẹ́ fi Plato ṣe?" Apá kejì yóò fi Justin Ajẹ́rìíkú dá wọn lóhùn, ẹni tó gba Jésù tán tí kò sì bọ́ aṣọ àwọn amòye kúrò lọ́rùn. Báyìí ni àwọn bàbá méjèèjì ṣe di àsíá tí ẹgbẹ́ méjì ń gbé kiri: Tertullian fún àwọn tí kò fẹ́ fìlọ́sọ́fì, Justin fún àwọn tó fẹ́ ẹ.

Mo kọ àpilẹ̀kọ yìí láti sọ pé àsíá méjèèjì kò bá ohun tí àwọn bàbá náà kọ mu. Bí a bá ka ìwé wọn fúnra rẹ̀, dípò gbólóhùn kan tí a há sórí, a óò rí i pé ẹni tí a ń pè ní ọ̀rẹ́ Plato ni ó fi Plato sílẹ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ gbé le jù, àti pé ẹni tó pariwo mọ́ àwọn amòye jù lọ ni ó gbé ẹrù wọn wọlé. Èyí kì í ṣe àríyànjiyàn inú ìwé lásán. Ó kan ohun tí èmi àti ẹ̀yin ń sọ létí sàréè nígbà tí àwọn ọmọ olóògbé bá dúró níwájú wa tí wọ́n ń sunkún.

Ìlà tí Ìwé Mímọ́ fà

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti inú Ìwé Mímọ́. Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 17 sọ fún wa pé nígbà tí Pọ́ọ̀lù dé Átẹ́nì, àwọn Epikúréì àti àwọn Stóíkì wá bá a jiyàn. Àwọn Epikúréì gbà pé àwọn ọlọ́run wà, ṣùgbọ́n pé wọn kò bìkítà fún ènìyàn, àti pé bí ènìyàn bá ti kú, ọkàn rẹ̀ yóò tú ká bí ara rẹ̀ ṣe ń tú ká. Àwọn Stóíkì ní tiwọn gbà pé Òye kan, tí wọ́n tún ń pè ní Ọ̀rọ̀, ni ó wà nínú ayé tí ó ń darí ayé, àti pé ọlọ́gbọ́n ni ẹni tó bá ń gbé ní ìbámu pẹ̀lú rẹ̀.

Pọ́ọ̀lù kò sá fún wọn. Ó mú ọ̀rọ̀ láti ẹnu akéwì wọn láti fi hàn pé ọ̀dọ̀ Ọlọ́run ni gbogbo wa ti ṣẹ̀. A mọ akéwì náà: Aratus ni, ará Soli ní Kìlíkíà, agbègbè kan náà tí Pọ́ọ̀lù ti wá. Ìwé rẹ̀ dá lórí ìràwọ̀ àti ojú ọjọ́, èrò àwọn Stóíkì sì hàn nínú rẹ̀. Títí dé ibẹ̀, àwọn olùgbọ́ Pọ́ọ̀lù fara balẹ̀. Ìgbà tí ó dárúkọ àjíǹde òkú ni àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í fi í ṣe ẹlẹ́yà.

Ẹ fi ibí yìí sọ́kàn. Ìwé Mímọ́ kò fa ìlà sí àárín ẹni tó ka ìwé àwọn Gíríìkì àti ẹni tí kò kà á, nítorí Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ kà á. Àjíǹde àti ìdájọ́ ni ìlà náà. Òun sì ni òṣùwọ̀n tí màá fi wọn Justin àti Tertullian.

Justin àti baba arúgbó

Flavia Neapolis ní Samáríà, ìlú tí à ń pè ní Nablus lónìí, ni wọ́n ti bí Justin ní nǹkan bí ọdún 100. Nínú ìwé rẹ̀ tó jẹ́ ìfọ̀rọ̀wérọ̀ pẹ̀lú Júù kan tó ń jẹ́ Trypho, ó ròyìn bí òun ṣe wá Ọlọ́run lọ́dọ̀ àwọn amòye. Stóíkì tí ó kọ́kọ́ bá kò mọ nǹkan kan nípa Ọlọ́run, kò tilẹ̀ kà á sí ẹ̀kọ́ tó pọn dandan. Ọmọ-ẹ̀yìn Aristotle tí ó lọ bá tẹ̀ lé e kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ tí ó fi ní kí àwọn dá iye owó ẹ̀kọ́. Ọmọ-ẹ̀yìn Pythagoras ní kí ó lọ kọ́ orin, ìmọ̀ ìràwọ̀ àti jiọ́mẹ́tìrì ná kí ó tó padà wá. Ọ̀dọ̀ ọmọ-ẹ̀yìn Plato ni ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀. Ó rò pé kò ní pẹ́ tí òun yóò fi ojú inú rí Ọlọ́run.

Bí ó ti wà nínú èyí ni ó pàdé baba arúgbó kan níbi tó dákẹ́ rọ́rọ́ nítòsí òkun. Ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ baba náà ti mú un. Ọ̀rọ̀ nípa ọkàn ènìyàn ni. Plato ti kọ́ni pé ọkàn kò lè kú nítorí bí ó ṣe rí gan-an ni pé kò lè kú. Baba náà ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọkàn kì í ṣe ìyè; ó ń pín nínú ìyè ni. Ó wà láàyè nítorí pé Ọlọ́run fẹ́ kí ó wà láàyè. Nígbà tí ó ti gba ohun tí Justin gbẹ́kẹ̀ lé lọ́wọ́ rẹ̀ tán ni ó tó tọ́ka rẹ̀ sí àwọn wòlíì, tí wọ́n ti wà ṣáájú àwọn amòye, tí wọ́n sì sọ ohun tí Ẹ̀mí Mímọ́ fi hàn wọ́n.

Ibí yìí ni ó yẹ kí àwọn tó ń fi Justin ṣe àsíá fìlọ́sọ́fì kà lẹ́ẹ̀mejì. Bí Justin ṣe sọ ìtàn ìyípadà rẹ̀, ẹ̀kọ́ Plato nípa ọkàn ni ó kọ́kọ́ wó lulẹ̀. Kò sì gbàgbé. Ní orí 80 ìwé kan náà, ó kìlọ̀ fún Trypho nípa àwọn kan tí wọ́n ń pe ara wọn ní Kristẹni ṣùgbọ́n tí wọ́n ní kò sí àjíǹde òkú, pé bí àwọn bá ti kú ni ọkàn àwọn ń lọ sí ọ̀run, ọ̀rọ̀ parí. Ó ní kí Trypho má ka irú wọn mọ́ Kristẹni. Ẹni tí kò bọ́ aṣọ amòye ni ó kọ èyí.

Kí ni ó wá mú lọ́wọ́ àwọn amòye? Nínú àwọn ìwé ìgbèjà rẹ̀ méjèèjì, ó kọ́ni pé Ọ̀rọ̀ tó di ara nínú Kristi ti gbin irúgbìn sínú gbogbo ènìyàn, ìdí nìyẹn tí Socrates àti Heraclitus fi rí òtítọ́ díẹ̀, àti pé ohun tí ẹnikẹ́ni bá sọ tó tọ̀nà, ti àwa Kristẹni ni. Ọ̀dọ̀ àwọn Stóíkì ni ọ̀rọ̀ "irúgbìn" yẹn ti wá. Ṣùgbọ́n Justin yí i padà. Lójú Stóíkì, Ọ̀rọ̀ náà kò ju òye inú ayé lọ. Lójú Justin, Ẹni tí a kàn mọ́ àgbélébùú lábẹ́ Pọ́ńtíù Pílátù ni.

N kò sọ pé Justin kò ní àléébù. Ó sọ pé ọ̀dọ̀ Mósè ni Plato ti rí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kọ. Èyí kò ṣe é gbára lé: ọgọ́rùn-ún ọdún kẹta ṣáájú ìbí Olúwa ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ ìwé Mósè sí èdè Gíríìkì ní Alẹkisáńdíríà, Plato sì ti kú ṣáájú ìgbà náà. Kí ẹnikẹ́ni nínú wa má ṣe gbé e lọ sórí pẹpẹ. Èkejì wúwo jù ú lọ. Bí Justin bá lè pe Socrates ní Kristẹni nítorí pé ó gbé pẹ̀lú Ọ̀rọ̀, kí ni Socrates tún fẹ́ fi àgbélébùú ṣe? Justin kò dáhùn ìbéèrè yìí dáadáa. Ẹ jẹ́ kí a rántí ṣá pé olú-ọba Antoninus Pius ni ó kọ̀wé sí, láti gbèjà àwọn tí wọ́n ń pa. Ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀mí àwọn ará rẹ̀ lè má ráyè to gbogbo ẹ̀kọ́ ní ẹsẹẹsẹ.

Tertullian àti arábìnrin tó rí ìran

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a ka ìbéèrè Tertullian níbi tí ó wà. Ìwé tí ó kọ tako àwọn aládàámọ̀ ni. Ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́ ni ó fi sọ ìwé náà lórúkọ, ọ̀rọ̀ tí àwọn ará Róòmù ń lò bí olùjẹ́jọ́ bá fẹ́ fi hàn pé kò yẹ kí ẹjọ́ náà bẹ̀rẹ̀ rárá. Ohun tí ó ń sọ ni pé àwọn bíi Valentinus àti Marcion kò lẹ́tọ̀ọ́ láti wá bá ìjọ fa Ìwé Mímọ́, nítorí ìjọ ni àwọn àpọ́sítélì fi í lé lọ́wọ́. Ó ní ọ̀dọ̀ Plato ni Valentinus ti mú tirẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn Stóíkì ni Marcion ti mú tirẹ̀. Ìkìlọ̀ tó yẹ ni èyí. Ẹni tó bá fi ìgbàgbọ́ tí a ti gbà sílẹ̀ tó ń wá Jésù mìíràn nínú ọgbọ́n ènìyàn yóò ṣìnà, Kólósè 2:8 sì wà níbẹ̀ fún wa. Ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ fún aládàámọ̀ kì í ṣe òfin pé kí akẹ́kọ̀ọ́ má kàwé. Tertullian fúnra rẹ̀ kà á gan-an.

Ẹ ṣí ìwé tí ó kọ lórí ọkàn ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó pe àwọn amòye ní bàbá ńlá àwọn aládàámọ̀. Kò pẹ́ sí i, ó yí padà, ó ń pe àwọn àgbà Stóíkì, Zeno, Cleanthes àti Chrysippus, láti jẹ́rìí pé ara kan ni ọkàn, pé ó ní ìrísí, ó sì ní ìwọ̀n. Ó pe Soranus, oníṣègùn ará Éfésù, kún wọn. Ó sọ nípa Seneca ará Róòmù pé lọ́pọ̀ ìgbà, tiwa ni. Nínú ìwé tí ó kọ tako Praxeas, ó tilẹ̀ ní ta ni yóò sẹ́ pé ara ni Ọlọ́run, bí Ó tilẹ̀ jẹ́ Ẹ̀mí. Ẹ̀kọ́ Stóíkì pọ́ńbélé nìyẹn: lọ́dọ̀ wọn, ohun tó bá lè ṣe nǹkan tàbí tí a lè ṣe nǹkan sí ní láti jẹ́ ara.

Ibi tó kan àwa Pẹ́ńtíkọ́sì jù ni orí 9 ìwé náà. Tertullian ti ń tẹ̀ lé ìsọtẹ́lẹ̀ Montanus nígbà náà. Ó ní arábìnrin kan wà nínú ìjọ tó ní ẹ̀bùn ìṣípayá. Nínú ìsìn ọjọ́ Olúwa ni Ẹ̀mí máa ń bà lé e. Lẹ́yìn tí àwọn ènìyàn bá ti lọ, yóò ròyìn ohun tó rí, wọ́n a sì yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní. Lọ́jọ́ kan ó ní òun rí ọkàn ní ìrí ara: ó rọ̀, ó ń tàn, àwọ̀ rẹ̀ dà bí afẹ́fẹ́, ìrísí rẹ̀ sì dà bí ti ènìyàn láti òkè délẹ̀.

Mo gbà gbọ́ nínú ẹ̀bùn àsọtẹ́lẹ̀, inú mi sì dùn láti rí i ní Carthage ní ìgbà náà. Bí wọ́n ṣe ń dúró títí ìsìn yóò fi parí, tí wọ́n sì ń yẹ ìran wò, jẹ́ ẹ̀kọ́ fún àwọn ìjọ wa. Ṣùgbọ́n Tertullian sọ ohun kan níbẹ̀ tí ó dà bí ẹni pé òun fúnra rẹ̀ kò gbọ́. Ó ní àwọn ti ń sọ̀rọ̀ nípa ọkàn nígbà tí arábìnrin náà wà nínú Ẹ̀mí. Ẹ tún un kà. Bí Tertullian bá kọ́ ìjọ ní ohun tí ó kọ sínú ìwé yìí, ohun tó wá láti ọ̀dọ̀ Stóíkì ti wà létí arábìnrin náà kí ó tó rí i lójú ìran. Kì í ṣe pé mo ń sọ pé ó purọ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìran lè mú àwọ̀ ẹ̀kọ́ tí aríran ti gbọ́, àti pé bí a bá fi ẹ̀kọ́ kan náà yẹ ìran ọ̀hún wò, yóò yege dandan. Lójú ìjọ, Ẹ̀mí ti fọwọ́ sí i. Ta ni yóò wá bi í bóyá Átẹ́nì ni ó ti wá?

Kí n má ṣe ṣe ojúsàájú. Lórí àjíǹde, Tertullian dúró gbọn-in. Ó kọ odindi ìwé láti fi hàn pé ẹran ara yìí gan-an, tí a rì bọ omi, tí a fi òróró yàn, ni Ọlọ́run yóò jí. Òṣùwọ̀n tí a gbé kalẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ kò dá a lẹ́bi. Àléébù tirẹ̀ ni pé ó dá ẹjọ́ fìlọ́sọ́fì tán, ó wá ń lò ó bí ẹni pé kì í ṣe fìlọ́sọ́fì. Òun náà sì wọ aṣọ ìlékè àwọn amòye níkẹyìn. Ó kọ ìwé kékeré kan láti gbèjà rẹ̀. Méjèèjì ló wọ̀ ọ́, Justin àti Tertullian. Ìyàtọ̀ wọn ni pé Justin sọ fún wa ibi tí ó ti gbà á, ó sì fi hàn wá apá tí ó gé kúrò.

Etí sàréè

Kí ló kàn wá nínú èyí? Ẹ jẹ́ kí n ka ara mi mọ́ ọn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí mo bá ń sìnkú, mo ní ọ̀rọ̀ kan tí àwọn ènìyàn máa ń ṣe àmín sí gan-an. Màá na ọwọ́ sí pósí, màá ní, "Kì í ṣe màmá lẹ ń sin yìí o. Àpótí tí màmá gbé inú rẹ̀ ni. Màmá ti fò lọ." Ní ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí a sin ìyá kan tán, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Pásítọ̀, ẹ má bínú. Bí ara yẹn ò bá já mọ́ nǹkan kan, kí ni Jésù tún fẹ́ jí i ṣe?" N kò rí èsì gidi fún un. Mo gbàdúrà fún un, mo sì wọ ọkọ̀.

Nígbà tó yá ni mo mọ ẹni tí ó ni ìwàásù mi. Nínú ìwé Plato tó sọ nípa ọjọ́ tí Socrates kú nínú túbú ní Átẹ́nì ní ọdún 399 ṣáájú ìbí Olúwa wa, ọ̀rẹ́ rẹ̀ Crito béèrè bí àwọn yóò ṣe sin ín. Socrates rẹ́rìn-ín. Ó ní Crito rò pé òkú tí òun máa tó rí yẹn ni Socrates. Kí ó fọkàn balẹ̀, ara lásán ni yóò sin, Socrates yóò ti lọ. Ìwàásù mi nìyẹn, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin! Èmi tí mo ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé kí wọ́n ṣọ́ra fún Plato ni mo ń wàásù rẹ̀ pẹ̀lú ohùn ìṣẹ́gun, tí ìjọ sì ń ṣe àmín.

Ẹ wo bí Lúùkù ṣe sọ ọ́. Stéfánù fi ẹ̀mí rẹ̀ lé Jésù Olúwa lọ́wọ́ (Ìṣe 7:59). Síbẹ̀, nígbà tí Lúùkù dé orí ìsìnkú, ó ní àwọn olùfọkànsìn gbé Stéfánù lọ sin, wọ́n sì pohùn réré ẹkún lé e lórí (Ìṣe 8:2). Stéfánù ni wọ́n sin. Olúwa wa pẹ̀lú dúró létí ibojì Bẹ́tánì, Ó sunkún, orúkọ Lásárù ni Ó sì pè.

Ẹnìkan yóò ní, "Ṣé Pọ́ọ̀lù kò sọ pé òun fẹ́ lọ láti wà lọ́dọ̀ Kristi ni?" Ó sọ bẹ́ẹ̀ ní Fílípì 1:23, mo sì gbà á tọkàntọkàn. Ẹni tó sùn nínú Olúwa kò sọnù. Ó wà lọ́dọ̀ Rẹ̀. Baba arúgbó tó bá Justin sọ̀rọ̀ náà gbà pé ọkàn àwọn olódodo wà níbi tó dára títí di ọjọ́ ìdájọ́. Ṣùgbọ́n ní 2 Kọ́ríńtì 5, Pọ́ọ̀lù kò fẹ́ wà ní ìhòòhò. Ó fẹ́ kí a wọ òun láṣọ. Nígbà tí ó sì fẹ́ tu àwọn ará Tẹsalóníkà nínú, kò dúró sórí pé olóògbé ti lọ. Ìpè Ọlọ́run àti àjíǹde àwọn òkú nínú Kristi ni ó fi tù wọ́n nínú (1 Tẹsalóníkà 4:13-18). Ìtùnú tó dúró ní ìdajì ọ̀nà ni tèmi. Mo gba ọmọ yẹn lọ́wọ́ ìbànújẹ́ fún ọ̀sán kan, mo sì gba ìrètí àjíǹde ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìyípadà tí mo ti ṣe kò pọ̀. Létí sàréè báyìí, màá ní, "Màmá yín lẹ sin yìí. Ẹ sin ín dáadáa. Kristi tó mọ orúkọ rẹ̀ yóò pè é láti ibí yìí gan-an." Àmín tí wọ́n ń ṣe sí i kò pariwo tó ti àtijọ́. Àwọn kan tilẹ̀ máa ń sunkún sí i. N kò rò pé ó burú.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi lẹ́nu iṣẹ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí a tún fi àwọn bàbá wọ̀nyí ṣe àsíá. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Ẹni tó bá ka Plato yóò dá Plato mọ̀ bí ó bá pàdé rẹ̀ nínú ìwàásù ara rẹ̀. Ẹni tí kò kà á yóò máa pè é ní ìṣípayá. Ẹ mú ìwàásù ìsìnkú tí ẹ wàásù kẹ́yìn jáde, kí ẹ sì wá ibi tí àjíǹde wà nínú rẹ̀.

Ní nǹkan bí ọdún 165, Justin dúró níwájú gómìnà ìlú Róòmù, Junius Rusticus. Stóíkì ni Rusticus, òun ni ó kọ́ olú-ọba Marcus Aurelius ní ẹ̀kọ́ wọn. Bí amòye méjì ṣe kojú ara wọn nìyẹn. Rusticus béèrè bóyá Justin rò pé bí wọ́n bá bẹ́ òun lórí, òun yóò gòkè lọ gba èrè. Justin ní òun kò rò ó, òun mọ̀ ọ́n ni. Òun àti àwọn tí wọ́n jọ kú sọ pé ìgboyà àwọn wà níwájú ìtẹ́ ìdájọ́ Olúwa, tí gbogbo ayé yóò dúró níwájú rẹ̀. Wọ́n bẹ́ wọn lórí. Àwọn onígbàgbọ́ yọ́ lọ gbé òkú wọn, wọ́n sì sin wọ́n síbi tó yẹ.